Ìwé ìrìnnà sọnù, káàdì sọnù, ẹ sì wà lókè òkun: àwọn ìbéèrè tó máa ń wáyé jù

Àwọn ìbéèrè yìí ni mo ti dáhùn lórí fóònù títí etí mi fi gbóná. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ ló pọ̀ jù níbí. Mo fi Amẹ́ríkà, Kùtọnu àti Èkó fúnra rẹ̀ kún un níbi tí ọ̀rọ̀ wọn bá ti yàtọ̀.

Ìwé ìrìnnà àti káàdì báńkì mi sọnù pọ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ dojú kọ?

Káàdì ni. Ẹni tó bá he é lè ti fi ra bàtà kẹ́ ẹ tó dé ìkóríta: ní Ìlú Ọba, láti ọdún 2021 ni wọ́n ti lè fi káàdì kan ẹ̀rọ ná tó £100 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìtẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀. Ìwé ìrìnnà kò ṣeé fi ra búrẹ́dì.

Nítorí náà, káàdì: ẹ tì í pa ná, kẹ́ ẹ tó máa wá a. Ìwé ìrìnnà: ẹ wá a dáadáa ná, kẹ́ ẹ tó kéde pé ó sọnù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é sódì. Káàdì tẹ́ ẹ tì pa lórí áàpù, ọ̀pọ̀ báńkì ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ ṣí i padà bẹ́ ẹ bá rí i nínú àpò kóòtù. Ìwé ìrìnnà tẹ́ ẹ bá ti kéde kò ní jí mọ́, kódà bó bá jẹ́ abẹ́ ìrọ̀rí yín ló wà.

Ibo ni kí n wá a dé kí n tó gbà pé ó ti lọ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tẹ́ ẹ ti lò ó kẹ́yìn, kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ máa ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá a lábẹ́ ìdérí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì: wọ́n mú ẹ̀dà, wọ́n fi ojúlówó sílẹ̀. Ẹ wo àpò ẹ̀yìn ìjókòó ọkọ̀ òfurufú, àpótí onírin inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì, àti ibi tẹ́ ẹ ti lọ ṣẹ́ owó. Bó bá jẹ́ inú bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù ni, TfL, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ọkọ̀ èrò Lọ́ńdọ̀nù, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó ohun tó sọnù sí, ẹ sì lè béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìyá àgbà kan tí mo sìn lọ sí Heathrow tú báàgì mẹ́ta palẹ̀ níwájú àwọn tó ń wọn ẹrù: gèlè, ike fáítámì, bàtà ọmọ-ọmọ, páálí tíì. Omijé ti ń dà lójú wọn. Ìgbà tí wọ́n nawọ́ sí ìbàdí láti tún ìró ró ni ọwọ́ wọn kan nǹkan tó le gbandi. Wọ́n ti fi ọ̀rá wé ìwé ìrìnnà, wọ́n sì ti so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró láti òru, kí olè má bàa jí i. Ẹni tó wà lẹ́yìn wa lórí ìlà ti ń sọ pé ká tètè pe ẹ́ńbásì. Ká ní a gbọ́ tirẹ̀ ni, màmá kò ní lọ lọ́jọ́ yẹn.

Báńkì Nàìjíríà ló fún mi ní káàdì. Báwo ni mo ṣe máa tì í pa láti òkèèrè?

Áàpù báńkì ló yá jù. Kóòdù oníràwọ̀ tẹ́ ẹ ń tẹ̀ nílé kò ṣeé gbójú lé, torí síìmù Nàìjíríà tó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló nílò, síìmù náà sì lè kú fin lókè òkun. Bí áàpù ò bá ṣí, ẹ pe báńkì, kẹ́ ẹ sì fi í-meèlì tẹ́ ẹ fi ṣí àkáǹtì kọ̀wé sí wọn lẹ́sẹ̀ kan náà. Ọjọ́ àti aago tó wà lórí í-meèlì yẹn ni ẹlẹ́rìí yín bí àríyànjiyàn owó bá dé.

Bẹ́ ò bá rí báńkì bá sọ̀rọ̀, tí káàdì náà sì jẹ́ Visa, ẹ pe +1 303 967 1096. Ti Mastercard ni +1 636 722 7111. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e. Ti Verve, báńkì yín nìkan ló kù. Fún káàdì Ìlú Ọba, ẹ tẹ 159, wọ́n á so yín mọ́ báńkì yín bó bá wà lára àwọn tó wà nínú ètò náà, àwọn ńlá ńlá sì wà níbẹ̀. Ẹ má wá nọ́ńbà báńkì lórí Google nígbà tí ọkàn yín ò balẹ̀. Àwọn gbájúẹ̀ ti gbé ti wọn síbẹ̀, wọ́n ń retí yín.

Wọ́n ti fi káàdì mi ná owó. Ta ló máa gbé gbèsè náà?

Ní Ìlú Ọba, òfin ètò ìsanwó ti ọdún 2017 sọ pé £35 ni báńkì lè gbé lé yín lórí jù fún owó tí wọ́n ná kẹ́ ẹ tó ké sí wọn. Èyí tí wọ́n bá ná lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti sọ fún báńkì, tiyín kọ́. Àfi bẹ́ ẹ bá lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ olè, tàbí bẹ́ ẹ bá ṣe àìbìkítà tó burú jáì, irú bíi kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ sára bébà kẹ́ ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn káàdì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti rí i.

Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ ló ń gé owó. Fún káàdì tó ń yọ owó tààrà nínú àkáǹtì, bẹ́ ẹ bá ké sí báńkì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ti lọ, $50 ni òpin tiyín. Bẹ́ ẹ bá kọjá ọjọ́ méjì, ó lè gòkè dé $500. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ kí 60 ọjọ́ kọjá lẹ́yìn tí wọ́n fi ìwé àkáǹtì ránṣẹ́ sí yín, èyí tí wọ́n bá ná lẹ́yìn ìgbà náà lè di àdánù yín pátápátá. Káàdì àwìn sàn jù: $50 ni òpin rẹ̀.

Ṣé dandan ni kí n lọ bá ọlọ́pàá?

Fún ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni, torí wọ́n máa béèrè ìwé ọlọ́pàá lọ́wọ́ yín ní ẹ́ńbásì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọlọ́pàá Ìlú Ọba ya ohun tó sọnù sọ́tọ̀ sí ohun tí wọ́n jí. Bí wọ́n bá jí i, ẹ pe 101 tàbí kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí ìkànnì wọn, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. 999 kì í ṣe fún èyí, àfi bí olè náà bá ṣì wà níwájú yín. Bó bá kàn bọ́ lọ́wọ́ yín ni, wọ́n lè ní kò kan àwọn. Ẹ ní kí wọ́n fi í-meèlì sọ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kẹ́ ẹ sì mú un dání.

Ẹ má torí kí ọ̀rọ̀ lè yá kẹ́ ẹ wá sọ pé wọ́n jí ohun tó bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹjọ́ irọ́ lẹ́nu ọlọ́pàá burú ju ìwé tó sọnù lọ, pàápàá fún ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì dúró.

Ní Nàìjíríà, ìwé ọlọ́pàá àti ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ ni wọ́n jọ ń béèrè.

Ibo ni mo ti máa gba ìwé ìrìnnà Nàìjíríà mìíràn?

Ẹ́ńbásì tàbí kọ́ńsúléètì Nàìjíríà tó bá ń mójú tó ibi tẹ́ ẹ wà. Ní Ìlú Ọba, Lọ́ńdọ̀nù ni, ilé wọn sì wà ní Northumberland Avenue, ẹ̀gbẹ́ Trafalgar Square. Ní Amẹ́ríkà, Washington, New York àti Atlanta. Ní Sáúdí Arébíà, Riyadh ni ẹ́ńbásì, Jeddah ni kọ́ńsúléètì tí àwọn tó lọ sí Mẹ́kà máa ń sáré lọ.

Orí ìkànnì iléeṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n Nàìjíríà lẹ ti máa kọ fọ́ọ̀mù, ibẹ̀ náà lẹ ti máa sanwó. Oṣù September ọdún 2025 ni wọ́n gbé owó ìwé ìrìnnà sókè nílé, tí olójú-ewé 32 di ₦100,000, tí olójú-ewé 64 di ₦200,000. Tòkè òkun kò yí padà: $150 àti $230. Ẹ ka owó iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn.

NIN yín ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Bí orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí orí NIN bá fi lẹ́tà kan péré yàtọ̀ sí ti ìwé ìrìnnà àtijọ́, Adébáyọ̀ níbì kan, Bayo níbòmíì, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa dúró sí títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yin fúnra yín ni wọ́n máa ya fọ́tò, tí wọ́n máa gba ìka ọwọ́ yín. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní òun lè bá yín ṣe é láìwọlé, owó yín ló fẹ́ jẹ.

Mi ò ní fọ́tókọ́pì rẹ̀, mi ò sì rántí nọ́ńbà rẹ̀. Ṣé ó ti tán?

Kò tán. Nọ́ńbà ìwé ìrìnnà Nàìjíríà jẹ́ lẹ́tà kan tí díjíìtì mẹ́jọ tẹ̀lé, ẹ ti fún àìmọye èèyàn láìmọ̀. Ẹ wo í-meèlì tẹ́ ẹ fi tọrọ físà, ìwé tíkẹ́ẹ̀tì, òtẹ́ẹ̀lì tó ya ojú ewé rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ yín, ẹni tó gbà yín síṣẹ́, báńkì tẹ́ ẹ ti ṣí àkáǹtì. Ẹ wo àwòrán inú WhatsApp pẹ̀lú: ó dájú pé ẹ ti fi í ránṣẹ́ sí ẹnì kan rí.

Ọ̀la ni ọkọ̀ òfurufú mi. Ṣé mo ṣì lè lọ?

Ìwé ìrìnnà tuntun kò ní jáde lọ́la. Ohun tí ẹ́ńbásì lè fún yín ni ìwé pàjáwìrì, bébà àlọ-má-bọ̀ tó kàn lè gbé yín dé Nàìjíríà. Kò ṣeé fi lọ sí Dùbáí ra ọjà, kò ṣeé fi padà wá.

Ẹ pe iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ná kẹ́ ẹ tó gbà á. Bí ọkọ̀ yín bá máa yà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àwọn yẹn lè ní àwọn ò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó lọ tààrà sí Èkó tàbí Àbújá ló dára jù, bó bá tilẹ̀ wọ́n jù.

Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín ni pé: báwo lẹ ṣe máa padà? Ẹni tó ní iṣẹ́ tàbí ilé ìwé lókè òkun, bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ òkú tàbí àìsàn, mo máa ń gbà á nímọ̀ràn pé kó sún ìrìn náà síwájú, kó gba ìwé tuntun níbi tó wà.

Físà Ìlú Ọba mi ńkọ́? Ṣé ó bá ìwé ìrìnnà lọ?

Ẹ̀tọ́ yín láti gbé níbẹ̀ kì í bá bébà lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní BRP parí iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù December ọdún 2024, eVisa, físà tí kò ní bébà, ló rọ́pò rẹ̀, orí àkáǹtì UKVI, ọ́fíìsì físà Ìlú Ọba, ló sì wà. Ẹ̀yin fúnra yín lè wọ ibẹ̀ kẹ́ ẹ gba kóòdù fún onílé tàbí agbanisíṣẹ́, 90 ọjọ́ ni kóòdù kọ̀ọ̀kan ń lò.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń kọsẹ̀ ni pé eVisa so mọ́ nọ́ńbà ìwé ìrìnnà àtijọ́. Bẹ́ ẹ bá gba tuntun tẹ́ ò wọ àkáǹtì UKVI lọ fi nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀, ẹ ó dé Murtala Muhammed tán, ẹni tó ń yẹ ìwé wò á sọ pé ẹ̀rọ òun kò rí físà kankan. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gba ìwé náà, kì í ṣe lọ́jọ́ ìrìn.

Físà Amẹ́ríkà ló wà nínú tèmi, inú Amẹ́ríkà ni mo sì wà.

Físà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé, wọn kì í fún èèyàn ní òmíràn láàárín Amẹ́ríkà. Ẹ fọkàn balẹ̀, torí físà ilẹ̀kùn ni, kì í ṣe òun ló sọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ lè lò. I-94, àkọsílẹ̀ ìwọlé yín, ló sọ ìyẹn, ẹ sì lè tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ìkànnì ìjọba wọn pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé ìrìnnà àtijọ́. Ẹ kọ̀wé sí ẹ́ńbásì tó fún yín ní físà pé ó ti sọnù. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ ó tọrọ òmíràn kẹ́ ẹ tó lè padà wọlé.

Mo wá sí Èkó fún ọdún, green card mi sì sọnù. Kí ni kí n ṣe?

Fọ́ọ̀mù I-90 tí gbogbo ayé ń dárúkọ kọ́ ló máa gbé yín padà. Fọ́ọ̀mù tiyín ni I-131A. $575 ni owó rẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa san án, lẹ́yìn náà lẹ ó mú ìwé ẹ̀rí lọ sí kọ́ńsúléètì Amẹ́ríkà ní Walter Carrington Crescent, Victoria Island. Ohun tí wọ́n máa fún yín ni ìwé tí ọkọ̀ òfurufú máa fi gbà yín wọlé. Ìgbà tẹ́ ẹ bá dé Amẹ́ríkà lẹ tó máa ṣe I-90 fún káàdì tuntun.

Èyí wà fún ẹni tí kò tíì lo ọdún kan níta. Bẹ́ ẹ bá ti kọjá ọdún kan láìgba ìwé àṣẹ ìpadàbọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò, ọ̀rọ̀ ti di ti lọ́yà.

Ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba ni tèmi, Ìbàdàn ni mo ti sọ ọ́ nù.

Ẹ kéde rẹ̀ lórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba Ìlú Ọba, kẹ́ ẹ sì tọrọ ìwé ìrìnnà pàjáwìrì níbẹ̀. Ilé aṣojú wọn ní Èkó àti ti Amẹ́ríkà jọ wà ní òpópónà kan náà. Ẹ má rò pé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà yín nìkan á gbé yín wọkọ̀: láti ọjọ́ 25 oṣù February ọdún 2026, ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba tàbí ìwé ẹ̀tọ́ ìgbélé ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì.

Kùtọnu péré ni mo lọ. Ṣé ó tó ohun tí mo ń pariwo?

Ó tó. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 gbà yín láyè láti wọlé láìní físà fún 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n ìwé ṣì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́. Ẹ lọ sí kọmísáríà, àgọ́ ọlọ́pàá wọn, kẹ́ ẹ gba *déclaration de perte*, ìwé pé nǹkan yín sọnù, kẹ́ ẹ tó dé ẹ́ńbásì Nàìjíríà ní Kùtọnu. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ gun ọ̀kadà gba ẹ̀yìn Sèmè lọ. Ẹni tí wọ́n bá mú lọ́nà yẹn kò ní ìwé, kò sì ní àlàyé.

Fóònù mi bá a lọ. Mi ò lè wọ áàpù báńkì, kóòdù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kò sì dé ọ̀dọ̀ mi mọ́.

Ẹ yá fóònù, kẹ́ ẹ ti síìmù pa ṣáájú, torí ẹni tó bá ní síìmù yín ló ní kóòdù yín. Lẹ́yìn náà, í-meèlì: ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ padà, kẹ́ ẹ lé gbogbo fóònù tó wà lórí rẹ̀ dànù. Báńkì ló kàn.

Síìmù Nàìjíríà ló máa ń le jù láti gbà padà, torí NIN àti ìka ọwọ́ ẹni tó ni ín ni wọ́n ń béèrè. Mo mọ ẹni tó fi oṣù méjì wo owó ara rẹ̀ lókèèrè láìlè fọwọ́ kàn án, torí báńkì rẹ̀ ò gbà láti fi kóòdù sí í-meèlì. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ bi báńkì bóyá wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín.

Mi ò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, mi ò sì ní ìwé tí mo lè fi gba owó.

Ẹni tó máa fi owó ránṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ yín, torí ìwé ni wọ́n máa béèrè. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán tó ní ìwé nítòsí. Bẹ́ ò bá mọ ẹnikẹ́ni, ẹ wá ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí àwọn Yorùbá. Ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn dé òmíràn. Ẹ́ńbásì kì í yá èèyàn lówó.

Ẹnì kan tẹ̀ mí láago pé òun rí ìwé ìrìnnà mi, ṣùgbọ́n kí n fi owó ránṣẹ́ ná.

Ẹ má fi ránṣẹ́. Ẹ ní kó gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó bá sún mọ́ ọn, ẹ̀yin á bá a níbẹ̀. Ẹni tó rí i lóòótọ́ á gbà. Nọ́ńbà yín náà, ibo ló ti rí i? Nígbà púpọ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi àwòrán ojú ewé ìwé ìrìnnà sórí WhatsApp pé kí wọ́n bá yín wá a, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà àti ojú yín. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù tó láti kéde.

Mo ti kéde, mo ti gba ìwé ọlọ́pàá, mo wá rí i nínú báàgì. Ṣé mo lè lò ó?

Rárá. Láti ọdún 2002 ni Interpol ti ní àkójọ ìwé ìrìnnà tó sọnù àti èyí tí wọ́n jí, tí àwọn orílẹ̀-èdè ń fi orúkọ sí, tí ẹ̀ṣọ́ ibodè sì ń yẹ̀ wò. Bí tiyín bá ti débẹ̀, ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ rí i. Ìwé jíjí ló rí. Ẹ dá a padà fún ẹ́ńbásì, kẹ́ ẹ sì máa bá ti tuntun lọ. Bí físà tó ṣì dára bá wà nínú rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ́ńbásì tó fún yín ní físà náà kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kankan.

Ìwé ìrìnnà mi ò sọnù. Ọ̀gá mi ló gbà á, ó ní òun ò ní dá a padà. Ṣé kí n kàn sọ ní ẹ́ńbásì pé ó sọnù?

Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ ibi tó wà, nítorí náà irọ́ ni, irọ́ náà á sì bo ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá yín mọ́lẹ̀. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an: ẹni báyìí ló gbà á, ọjọ́ báyìí, ohun tó sọ nìyí. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kì í ṣe ti ọ̀gá kankan. Ìjọba Nàìjíríà ló ni ín, wọ́n sì fi í sí ọwọ́ yín.

Gbígba ìwé ìrìnnà òṣìṣẹ́ wà lára àmì tí àwọn aláṣẹ Ìlú Ọba fi ń dá ìmúnilẹ́rú mọ̀. Òfin wọn lórí rẹ̀ ti wà láti ọdún 2015. Ẹ lè pe 08000 121 700, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè pè é láìdárúkọ ara yín. Ní Amẹ́ríkà, 1-888-373-7888 ni. Ẹ pè é láti fóònù tí ọ̀gá yín kò lè yẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì pa nọ́ńbà náà rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.